Bí Pásítọ̀ Tuntun Ṣe Lè Pe Ìjọ Jọ Láti Gbèrò Ọjọ́ Iwájú: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ìjọ Yorùbá ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ìjọ tí mo kọ́kọ́ ṣe pásítọ̀ rẹ̀ ní Kàdúná ni mo dúró níwájú àwọn ènìyàn tí mo ka ètò ọlọ́dún márùn-ún sí wọn létí. Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú ìwé mọ́kànlá ni, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Pásítọ̀, Olúwa yóò bá yín ṣe é." Ó yẹ kí etí mi ti gbọ́ "bá yín" yẹn nígbà náà, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé "bá wa". Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo rí ẹ̀dà kan nínú ètò náà ní ilé ìdáná ìjọ, tí àwọn ìyá ká sí mẹ́rin tí wọ́n fi ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀. Kò sí ẹni tó bá mi jà lórí ètò náà. Wọn kò ṣe é ni.

Ọ̀nà tí mo ti ń gbà ṣe é láti ìgbà náà, ní Sàríà àti ní Kubwa ní Àbújá tí mo wà báyìí, ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìjọ. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ìjọ fúnra rẹ̀ ti ń pe pásítọ̀, tí ìpàdé ìjọ sì ní àṣẹ láti pinnu. Bí ẹ bá jẹ́ òjíṣẹ́ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n ń rán yín wá tí wọ́n sì lè gbé yín lọ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ yóò ṣì wúlò fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ní láti mọ ibi tí àṣẹ yín mọ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo ilé fún oṣù mẹ́ta

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó dìde lóru pẹ̀lú àwọn ọkùnrin díẹ̀, ó yí odi náà ká, ó sì rí ibi tí ẹranko tí ó gùn kò ti lè kọjá, kí ó tó la ẹnu sọ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n wá kí àwọn jọ mọ odi. Tiwa gùn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, nítorí odi tí àwa ń wò kò hàn sí ojú. Láàárín oṣù mẹ́ta yìí, ẹ má ṣe yí ohunkóhun padà, ìbáà ṣe àkókò ìsìn tàbí ibi tí àwọn akọrin ń jókòó sí.

Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìjọ ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹ sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ẹ ń wá ni ọ̀rọ̀ tó ń jẹyọ léraléra tí wọ́n sì ń sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni egbò ìjọ wà. Ẹ wo ìwé orúkọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, pàápàá kíláàsì àwọn ọ̀dọ́, kí ẹ sì bi akápò bí owó ti ń wọlé láti oṣù dé oṣù. Bí ìjọ yín bá wà ní Àbújá, ẹ béèrè ìwé ilẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé ti Ìjọba Àpapọ̀ ni gbogbo ilẹ̀ tó wà ní agbègbè olú-ìlú, ẹ̀tọ́ ìlò nìkan ni ẹnikẹ́ni lè gbà níbẹ̀. Mo mọ ìjọ kan tó jókòó fún oṣù mẹ́fà tó ń gbèrò ilé alájà méjì kí ẹnì kan tó rántí béèrè ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ìwé ni ilé àwọn ènìyàn. Ẹ lọ sí bí ọgbọ̀n ilé, kí díákónì àdúgbò náà máa mú yín lọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ṣáájú wọn, ìrìn náà ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe ṣí ìwé ìkọ̀wé níwájú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó: "Báwo ni ẹ ṣe dé ìlú yìí?" Láti orí rẹ̀ ni ìtàn ìjọ yóò ti máa jáde. Ẹni kan yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ ìkọ́lé ló gbé òun wá nígbà tí Àbújá ṣì jẹ́ igbó àti eruku. Ẹlòmíràn yóò ní ilé iṣẹ́ ìjọba ló kó àwọn láti Èkó wá lẹ́yìn tí olú-ìlú ṣí kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, àti pé nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ti kọ́kọ́ ń jọ́sìn.

Ní Kàdúná, ẹ rọra. Àwọn kan wà nínú ìjọ tí ìrúkèrúdò ẹ̀sìn ọdún 2000 lé kúrò ní apá kan ìlú náà lọ sí apá kejì, àwọn kan pàdánù ènìyàn níbẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè yín, ẹ bá a dákẹ́. Ohun tó bá sọ fún yín nílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ óò gbé wá sí ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ "ilé" pẹ̀lú ara yín

Ibí yìí ni ìtọ́sọ́nà tí a kọ sí ìlú mìíràn kì í ti í wúlò fún wa. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Kò sí Yorùbá kan ní Kubwa tàbí Lugbe tó ń pe ibẹ̀ ní ilé. Ilé ni Ọ̀fà, ilé ni Ìkàrẹ́, ilé ni Iléṣà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kọ́ ilé sílé ṣáájú ọjọ́ náà. Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé yín lónìí lè jókòó sí Ọ̀fà ní ọdún méjì sí i. Kọ́pà tó ń tẹ dùrù fún yín lónìí kò ní ju ọdún kan lọ. Bí ẹ bá wá dúró níwájú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ tí ẹ béèrè pé, "Kí ni ẹ fẹ́ kí ìjọ yìí dà ní ogún ọdún sí i?", wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò sì ní Olúwa yóò ṣe é. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ìjọ. Wọn kò rí ara wọn nínú ogún ọdún yẹn ni.

Ó tó ọdún kan kí n tó mọ bí a ṣe ń yí ìbéèrè náà padà. Àwọn òbí ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbí kò ní lọ. Àbújá ni wọ́n mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi Haúsá ra ata lọ́jà. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé: "Bí ẹ bá ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ wá kí ọmọ yín ní Àbújá, tí Ọjọ́ Ìsinmi sì bá yín níbí, kí ni ẹ fẹ́ bá nínú ilé yìí?"

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀, bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba, tí ó ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé rárá. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá rẹ̀ nù ún fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Mo fẹ́ bá ẹni tí yóò mọ̀ mí." Ìyàwó rẹ̀ fi kún un pé, "Èmi fẹ́ bá ọmọ mi níbẹ̀. Nítorí bí a ti ń wò ó yìí, Pásítọ̀, ọjọ́ tí a bá kó ẹrù wa ni yóò fi ìjọ yìí sílẹ̀. Kò gbọ́ orin tí a ń kọ." Láti inú gbólóhùn méjèèjì yìí ni iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wa ti jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ jẹ́ kí ìkésíni jáde láti ọwọ́ ìjọ

Ẹ bá àwọn díákónì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí ètò kankan nínú àpò yín. Bí ètò bá wà nínú àpò yín lóòótọ́, ẹ mú un jáde kí ẹ fi hàn wọ́n, torí òórùn rẹ̀ yóò ta wọ́n nímú lọ́jọ́ kan. Ẹ wá ní kí wọ́n bá yín yan ènìyàn méje tàbí mẹ́sàn-án tí yóò darí ìjíròrò náà, kí ìjọ sì fọwọ́ sí orúkọ wọn.

Ẹ kíyè sí irú ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ mú àgbà kan tó mọ ìpìlẹ̀, ọ̀dọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ tirẹ̀, ẹni kan tó ń ti Mararaba tàbí Nyanya ní ẹ̀bá ìlú wá, ẹni kan tí kò tí ì ju ọdún méjì lọ nínú ìjọ, àti obìnrin méjì ó kéré tán, tí ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ìyàwó olóyè ìjọ. Ẹ tún mú ẹni kan tí inú ń bí. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ àwọn díákónì. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kẹfà fún wọn: àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fojú fò nínú ìpín ojoojúmọ́, àwọn àpósítélì pe gbogbo ìjọ jọ pé kí wọ́n yan ènìyàn méje, nígbà tí orúkọ àwọn méje náà sì jáde, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ìjọ gbé iṣẹ́ náà lé apá ibi tí ìráhùn ti wá lọ́wọ́.

Kí ìgbìmọ̀ yìí tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ jọ kọ ohun tí kò sí lórí tábìlì sílẹ̀. Fún àwa Onítẹ̀bọmi, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àti ìwé òfin ìjọ kò sí níbẹ̀. Fún Áńgílíkà, ohun tó wà ní ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ síta kedere. Ohun tó ń ba ìjọ nínú jẹ́ ni kí wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹlòmíràn ti pinnu tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọjọ́ àti lẹ́tà

Láti àárín oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kìíní, Àbújá a máa ṣófo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Àjíǹde àti nígbà ọdún Iléyá tí ìjọba bá fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi. Ọjọ́ Sátidé, ìgbéyàwó ló ni ín. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn ẹnì kejì rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú oúnjẹ, ló ti dára jù fún mi. Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sí ara ògiri: iná lè lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ yóò sì lé àwọn àgbàlagbà kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ìwé funfun ńlá àti bírò tó nípọn tó.

Lẹ́tà tí a lò nìyí, kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, kí orúkọ pásítọ̀ má ṣe wà lókè:

"Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, a ń pè yín sí ìjókòó kan lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù tó ń bọ̀. A kò ní dá owó, a kò ní yan olóyè, kò sì sí ètò kankan tí a ti kọ sílẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí. A fẹ́ gbọ́ ohun tí ojú yín ti rí nínú ìjọ yìí, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá níbẹ̀. Oúnjẹ wà, a ó sì bá yín mójú tó àwọn ọmọdé. Bí kò bá ní ṣeé ṣe fún yín láti wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún aṣojú àdúgbò yín, yóò wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yín nílé kí ọjọ́ náà tó kò."

"A kò ní dá owó" ni ó gbé iṣẹ́ jù nínú lẹ́tà yẹn. Bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ má ṣe gbé igbá ọrẹ kọjá lọ́jọ́ náà rárá, kódà bí ẹni kan bá dìde pé inú òun dùn tí òun sì fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà náà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí Ìyá Ìjọ sì fi ohùn ara rẹ̀ kà á sórí WhatsApp, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n wọn yóò tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n mọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ to àga ní òbìrí òbìrí, kí ènìyàn mẹ́jọ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa kò ní já ọ̀rọ̀ àgbà níwájú àgbà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ kan náà kọ́kọ́ jókòó pa pọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ tó wá pò wọ́n mọ́ ara wọn. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ń lò: ìgbà wo ni ìjọ yìí wúlò fún yín jù lọ; kí ni ó ń ni yín lára tí ẹ kò tí ì rí ẹni sọ fún; àti ìbéèrè ẹni tó padà wá kí ọmọ rẹ̀, tí mo ti sọ lókè. Ẹ bèèrè wọn ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn. Ẹni tó bá ti rántí oore a máa sọ ìkùnsínú rẹ̀ láìbú ènìyàn.

Akọ̀wé kan wà nínú òbìrí kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ọ̀rọ̀ bí ẹnu ti sọ ọ́. Bí ìyá kan bá sọ pé "ó ń sú mi", kí akọ̀wé má ṣe kọ "àìní ìwúrí" dípò rẹ̀.

Ní ti pásítọ̀, ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ má ṣe fèsì. Èyí ló nira jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí a ti kọ́ wa láti máa dáhùn. Ní Kubwa, bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa gbọ̀ngàn tuntun lọ́wọ́, ìyá àgbà kan nawọ́ láti ìjókòó rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ń sọ ti gbọ̀ngàn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń gbé omi nínú ike láti ilé wá sí ìsìn nítorí ilé ìyàgbẹ́ wa." Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹnu ń yún mi láti ṣàlàyé pé a ti bá mẹ́ruwà tó ń ta omi sọ̀rọ̀, pé ó ń jẹ wá níyà. Mo gbé omi mu. Nígbà tí mo fi máa sọ ife kalẹ̀, obìnrin mẹ́ta mìíràn ti sọ pé àwọn náà ń gbé ike wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn padà sí wọn

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìgbìmọ̀ to gbogbo ọ̀rọ̀ jọ bí wọ́n ti jọra, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ilé ìjọ láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì kà wọ́n sókè lẹ́yìn ìsìn. Ẹ fi àwọn èyí tó korò sí i. Ẹni kan kọ nípa ìwàásù mi pé ó gùn tó ìrìn-àjò Lọ́kọ́ja. A kà á, ìjọ rẹ́rìn-ín, mo sì dín in kù. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni àwọn tí kò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìwé wá bá akọ̀wé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ yan díẹ̀, kí ènìyàn méjì méjì gbé e

Ẹ mú ohun mẹ́ta péré wá sí ìpàdé ìjọ fún ìpinnu: ọ̀kan tí a lè parí láàárín oṣù kan, ọ̀kan fún ọdún kan, ọ̀kan tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa ni omi fún ilé ìyàgbẹ́. Ìsìn kan lóṣù tí àwọn ọ̀dọ́ yóò máa darí ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí àgbà kan yóò sì máa kọ́ wọn ní orin kan àti ìtumọ̀ rẹ̀. Àti gbọ̀ngàn náà, lẹ́yìn tí a bá ti mọ ohun tí ìwé ilẹ̀ wa gbà wá láyè láti kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré, kí ẹ sì parí rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó dárúkọ owó fún èyí tó tóbi.

Ẹ kọ orúkọ ẹni méjì sí iwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tó mọ iṣẹ́ náà àti ọ̀kan tó jọ pé yóò ṣì wà ní ìlú yìí ní ọdún márùn-ún sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ pe ìjọ padà, kí ẹ gbé ìwé àkọ́kọ́ wọnnì kọ́ ògiri, kí àwọn méjì méjì náà sì jíhìn fúnra wọn.

Ọ̀gá tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun àti ọmọbìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n gba iṣẹ́ omi. Wọ́n ra táǹkì, wọ́n bá oníkànga tó wà nítòsí ṣe àdéhùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà wọ́n. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì tí ó sì kó lọ sí Ọ̀fà, ó fi kọ́kọ́rọ́ àti ìwé àdéhùn náà lé ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn tí ó ti lọ ni mo tó mọ̀, nígbà tí mo lọ fọ ọwọ́ tí omi sì ń ṣàn.